Ibo ni igún gbà lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Òṣogbo, igún kì í wọ́n lórí páànù odò ẹran. Bí àwọn alápatà bá ti ń kun ẹran, ńṣe ni wọ́n á tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹni tó ń dúró de ìpín tirẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti rí ọ̀kan gbẹ̀yìn. Ìyá mi ní wọ́n ti ṣí lọ sókè Ọya níbi tí màlúù pọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oògùn òyìnbó ló pa wọ́n. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Àti pé ẹyẹ ajẹ̀gbin ni igún, kí la pàdánù gan-an bí kò bá sí mọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan náà yìí tún ń wá orí igún báyìí, wọ́n ní kó mú un wá fún àwúre ọjà rẹ̀. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ bá mi kí ìyá yín, kí ẹ sì bá mi rọra sọ fún wọn pé igún kò ṣí lọ síbì kankan. Igún odò ẹran tí ẹ mọ̀, èyí tó kéré, tí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú bí ẹrẹ̀, tí ojú rẹ̀ pá tó sì máa ń pọ́n, kì í ṣe arìnrìn-àjò bíi lékeléke tó ń bá òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn rìn. Ibi tí oúnjẹ bá ti ń wá déédéé ló ń gbé, ọdún dé, ọdún lọ. Àwọn tó dàgbà lókè Ọya gan-an ń béèrè ohun tí ẹ bi mí yìí. Pípa la pa wọ́n. Ọ̀rẹ́ yín ti fẹ́ẹ́ sọ òótọ́ díẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ibòmíràn ni ìtàn tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, màá débẹ̀ láìpẹ́. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ ti dá ara yín lóhùn ní ìparí rẹ̀ láìmọ̀: ọ̀rẹ́ yín tó ń wá orí igún yẹn ni ìdáhùn.

Ní ọdún 2015, àjọ IUCN, tó ń ṣe ìwé orúkọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun láyé, gbé irú igún mẹ́rin ní Áfíríkà sí ìpele tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Igún odò ẹran wa wà lára mẹ́rin náà. Ẹyẹ tí àwọn ọmọdé ń sọ lókò lójú ọ̀nà ilé ìwé ni mò ń sọ yìí o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ kan kó ìṣirò jọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà lórí irú igún mẹ́jọ. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti dín kù ní ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bá pa gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n tún ṣírò ohun tó pa àwọn igún tó lé ní 7,800 tí àkọsílẹ̀ ikú wọn wà ní orílẹ̀-èdè 26: májèlé kó ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, òwò oògùn ìbílẹ̀ kó 29, wáyà iná mànàmáná kó 9.

Ẹni tó bá gbọ́ ìṣirò yẹn lè sọ pé, ẹ ò rí i, májèlé ni, kì í ṣe oníṣègùn. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Gbogbo Áfíríkà ni wọ́n dà pọ̀. Ní ìlà-oòrùn àti gúúsù, darandaran tí kìnnìún pa màlúù rẹ̀ ló ń fi májèlé sínú òkú màlúù náà dè é. Igún ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn tó ń pa erin nítorí eyín rẹ̀ tún wà níbẹ̀, tí wọn kì í fẹ́ kí igún máa yí lójú ọ̀run kó sì tipa bẹ́ẹ̀ fi wọ́n han ẹ̀ṣọ́ igbó, nítorí náà wọ́n á da májèlé sára òkú erin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019 ní Botswana, erin mẹ́ta péré tí wọ́n ṣe báyìí sí lára ló pa igún 537. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìwọ̀-oòrùn, kò sí kìnnìún tàbí erin nínú ọ̀rọ̀ náà. Orí igún ni wọ́n ń wá, májèlé ni wọ́n sì fi ń wá a. Ìdá 61 àti ìdá 29 yẹn, ẹnì kan náà ni nígbà mìíràn. Láàárín 2019 sí 2020 ní Guinea-Bissau, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú igún yìí ṣì pọ̀ sí jù láyé, igún tó lé ní 2,000 kú nípa májèlé tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì rí òkú tí wọ́n ti gé lórí lọ.

Nàìjíríà àti Benin ló gba iwájú nínú òwò yìí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, n kò ní fi bò. Ẹni tó bá ti rin ọjà Dantokpa ní Cotonou tàbí ọjà Akodésséwa ní Lomé, ní Togo, ti rí i, orí, ẹsẹ̀, ìyẹ́, odidi òkú gbígbẹ. Ẹ ò tilẹ̀ ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ lékulẹ́ja ní ọjà tó sún mọ́ yín, ẹ wò láàárín orí ọ̀bọ àti awọ ọ̀nì. Èyí tí ẹ bá rí níbẹ̀ kì í ṣe igún Òṣogbo mọ́, torí a ti pa tiwa tán. Láti òkè Ọya àti láti orílẹ̀-èdè Niger àti Chad ni wọ́n ń gbé e wá báyìí. Òkú igún nìkan ló kù tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá sọ́dọ̀ wa.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá orí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Igún máa ń dé ìdí òkú ẹran kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹran kú, ni wọ́n bá ní ẹni tó bá lo orí rẹ̀ á máa rí ohun tó ń bọ̀. Ní South Africa, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ wà lára àwọn tó ń lò ó. Lọ́dọ̀ wa, àwúre ni, ìsọ̀yè ni, ìdáàbòbò ni. Igún ò sì mọ ọ̀la o. Ojú ló fi ń ríran, ojú tó mú gan-an. Yàtọ̀ síyẹn, wọ́n máa ń ṣọ́ ara wọn lójú ọ̀run: tí ọ̀kan bá sọ̀ kalẹ̀, èyí tó wà lókèèrè á rí i pé ó sọ̀, á tẹ̀ lé e, èyí tó wà lẹ́yìn ìyẹn náà á tẹ̀ lé e. Bí ogún ṣe ń pé jọ sórí òkú ewúrẹ́ kan nìyẹn. Bó sì ṣe jẹ́ pé májèlé inú ewúrẹ́ kan á pa gbogbo ogún náà nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ti sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àwàdà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò pa á, títà lòun ń tà. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ fi òwe sílẹ̀ ná. Lọ́dọ̀ onífá, igún ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó ń lọ: láìrí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ, láìrí àkàlà, a kò gbọdọ̀ ṣorò. Ẹni bá rúbọ tí igún bà lé e, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ẹbọ dà. Igún tó wà láàyè ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Òkú igún kì í jẹ ẹbọ.

N kò ní wá parọ́ fún yín pé àwọn baba ńlá wa kò fọwọ́ kan ẹ̀yà ara igún rí. Wọ́n lò ó. Àmọ́ ọdẹ tó rìn lẹ́sẹ̀, tó rí igún tó kú tàbí tó pa ẹyọ kan lọ́dún mélòó kan nítorí ìpèsè ẹnì kan, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ra Furadan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oògùn oko, tó fi sínú ìfun màlúù, tó gbé ọgbọ̀n igún sórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́, tó sì ti fi fóònù bá oníbàárà rẹ̀ dúnàá-dúrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí àkọ́kọ́, igbó lè gbà á mọ́ra. Ìkejì, kò sí igbó tó lè gbà á.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú dé. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé yín lè yé ẹyin mẹ́wàá, kó pa wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Igún, ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lọ́dún. Tọkọtaya ló ń sàba lé e fún bí ọ̀sẹ̀ méje. Bí ọmọ bá jáde, á lò tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtẹ́ kó tó fò, á sì tó bí ọdún márùn-ún kí òun náà tó ní ọmọ tirẹ̀. A máa ń gbàdúrà pé gúnnugún kì í kú léwe, a kò ní kú léwe. Ẹni tó dá àdúrà yẹn sílẹ̀ mọ ẹyẹ yìí dáadáa, torí pípẹ́ láyé ni igún fi bo àìbímọ púpọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá wò ó: bí igún ogún bá wà ní odò ẹran ìlú kan, tọkọtaya mẹ́wàá nìyẹn. Bí gbogbo ẹyin wọn bá là, tí ọmọ kankan ò kú, mẹ́wàá ni wọ́n lè fi kún ara wọn lọ́dún. Ìfun màlúù kan tó ní májèlé á pa gbogbo ogún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sí pé wọ́n á tún gbèrú padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ń pa igún ń ná olú owó, kì í ṣe èlé.

Ní ti oògùn òyìnbó, Íńdíà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, igún Íńdíà pọ̀ débi pé mílíọ̀nù-mílíọ̀nù ni. Púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ màlúù, nítorí náà màlúù tó bá kú, wọ́n á wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìn ìlú, igún á sì jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn Parsi, ẹlẹ́sìn kan tó wà ní Mumbai, tilẹ̀ máa ń gbé òkú èèyàn wọn fún igún, torí wọn kì í fẹ́ kí òkú ba ilẹ̀ tàbí iná jẹ́. Lójijì, igún bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí igi. Ní 2007, irú kan nínú wọn ti dín kù ní ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bá fi wé iye tó jẹ́ ní 1992. Níbi tí ẹgbẹ̀rún ti wà tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ló kù. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Pakistan tó rí ohun tó ń pa wọ́n: diclofenac. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun la ń lò fún ara ríro àti oríkèé. Wọ́n ti ń fún màlúù tó ń tiro. Bí màlúù náà bá kú láàárín ọjọ́ mélòó kan tí igún sì jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á bàjẹ́, á kú. Kì í tilẹ̀ ṣe pé gbogbo òkú màlúù ló ní oògùn náà nínú. Kò ju kí ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ní in lọ, ìyẹn ti tó láti run gbogbo wọn. Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní 2006, wọ́n ní kí àwọn oníṣègùn ẹran máa lo meloxicam tí kì í pa igún. Kò sẹ́ni tó ní ìkà nínú tó ṣe èyí. Àgbẹ̀ ń ṣàánú màlúù rẹ̀ ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló dáhùn ìbéèrè yín pé kí la pàdánù. Òkú màlúù ń jẹrà lẹ́yìn ìlú. Ajá ìgboro rí oúnjẹ, wọ́n bí sí i, dìgbòlugi bí sí i pẹ̀lú wọn. Omi odò bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, fi àwọn agbègbè tí igún ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ wé àwọn tí igún kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí. Ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024, wọ́n ṣírò pé láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bí 500,000 èèyàn ló kú tí wọn ì bá tí kú ká ní igún ṣì wà. Ìdajì mílíọ̀nù, nítorí ẹyẹ ajẹ̀gbin.

Ẹ dákun, ẹ má pè é ní ẹyẹ ìdọ̀tí mọ́. Omi kíkan inú ikùn igún le débi pé àwọn kòkòrò àrùn tó lè pa èmi àti ẹ̀yin, títí kan ti anthrax, àrùn ẹran ọ̀sìn tó ń ran èèyàn, kò lè là á já. Ajá, eku àti eṣinṣin kò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ nínú òkú, wọ́n á sì gbé àrùn wọlé. Orí igún pá kí ẹ̀jẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Bó bá jẹun tán, ó máa ń wá omi wẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2023, anthrax wọ oko ẹran ọ̀sìn kan ní Ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà níbí. Ẹ lọ wo odò ẹran Òṣogbo lónìí, ẹ wo ẹni tó wà nípò igún. Ajá ni, kò sí ẹni tó fún wọn ní abẹ́rẹ́.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó dá kún un, n kò fẹ́ kó gba ọjọ́ wa. Igún fẹ́ràn igi gíga fún ìtẹ́, àràbà, ìrókò, osè, a sì ti gé púpọ̀ nínú wọn lulẹ̀ fún pákó àti fún ilé kíkọ́. Àwọn odò ẹran kan ti di ti ìgbàlódé tó ń kó ìfun àti ẹ̀jẹ̀ dànù kí igún tó fojú kàn án, èyí tí n kò lè bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí. Nígbà tí IPBES, àjọ àgbáyé tó ń kó ìmọ̀ jọ lórí ẹ̀dá abẹ̀mí fún àwọn ìjọba, ṣe àkójọ tirẹ̀ ní 2019, tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú ẹ̀dá ló wà nínú ewu àtiparun, ohun márùn-ún ló dárúkọ: bí a ṣe ń yí ilẹ̀ àti òkun padà, bí a ṣe ń pa ẹ̀dá tà àti jẹ, ojú ọjọ́ tó ń yí, ìdọ̀tí àti májèlé, pẹ̀lú ẹ̀dá àjèjì tí a kó wá tó wá gba ilé onílé. (Ti ìkẹyìn yìí, ẹ ti rí i: ewé Akíntọ́lá tó bo gbogbo oko wa, àárín hóró irúgbìn igi Gmelina ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà ní nǹkan bíi 1937.) Ní ti igún tiwa, èkejì àti ẹ̀kẹrin ló pa á. Àwọn yòókù gbọ̀n ọ́n wò lásán.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbọ́ èyí. Ní Gambia, igún odò ẹran kan náà yìí ṣì pọ̀ ní Banjul àti àyíká rẹ̀. Ó ń bà sórí páànù, ó ń jẹ lẹ́bàá ọjà, ó ń rìn láàárín èèyàn. Ariwo wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, ooru ń mú níbẹ̀ bó ṣe ń mú ní Òṣogbo. Wọn kì í kàn fi bẹ́ẹ̀ pa á tà níbẹ̀ ni.

Ó wá ku ti ọ̀rẹ́ yín. Ó léwu, ó sì léwu fún un ju bó ṣe rò lọ. Orí igún tó ń wá yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti igún tí májèlé oko pa. Carbofuran, èròjà inú Furadan, ń pa èèyàn náà. Lékulẹ́ja tó tà á kò mọ ohun tó pa á, oníṣègùn tó fẹ́ jó o pọ̀ mọ́ ewé kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé jíjó tàbí gígún ti pa oró inú rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ó fẹ́ lá a pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù, kó rántí pé ohun tó pa ẹni tó lè jẹ anthrax láìkú ló fẹ́ fi sẹ́nu. Kó padà lọ bá oníṣègùn rẹ̀, kó ní kó fún òun ní èyí tó jẹ́ kìkì ewé àti egbò. Kì í ṣe èmi ni mo dá àbá yìí: àjọ Nigerian Conservation Foundation tó wà ní Lẹ́kí ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jókòó lórí rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ti gbà láti fi ewé rọ́pò igún. Òfin náà wà ńlẹ̀, Nàìjíríà ní ti òwò ẹ̀dá tó wà nínú ewu láti 1985, ó sì ti wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá igbó, láti 1974, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé igún kọjá ẹnubodè láìgbàwé. Àmọ́ ẹ̀yin àti èmi mọ bí òfin ṣe ń rìn lọ́jà. Mo gbẹ́kẹ̀ lé oníbàárà tó padà sílé ju ọlọ́pàá lọ.

Fún ẹ̀yin fúnra yín: bí ìlú bá fẹ́ pa ajá dìgbòlugi, tí wọ́n sì lo májèlé, ẹ rí i pé wọ́n sin òkú rẹ̀ jinlẹ̀. Bí àràbà tàbí ìrókò bá kù ní ẹbí yín, tí àwọn oníṣòwò pákó sì ń kan ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ bá àwọn alápatà sọ̀rọ̀, àwọn àgbà nínú wọn rántí igún ju bí ẹ ṣe rántí rẹ̀ lọ, wọ́n sì mọ ẹni tó máa ń wá béèrè ìfun lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí ẹ bá sì wá rí igún lọ́jọ́ kan lójú ọ̀run Òṣogbo, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, iye wọn àti igi tí wọ́n bà lé sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi tàbí sí àjọ Nigerian Conservation Foundation. Inú yín á dùn, ẹ̀ẹ́ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ẹ yà á, àmọ́ ẹ má kọ orúkọ ibẹ̀ sí i. Àwọn tó ń wá orí rẹ̀ náà ní fóònù.